Obìnrin Tó Jókòó Sórí Àtẹ̀gùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kí máṣíìnì ìránṣọ yín náà, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa ń kí láàárọ̀ kí ẹ tó kí àwa ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi wà láàyè.

Ẹ ní fóònù wà fún "ṣé dáadáa ni", pé ọ̀rọ̀ gidi, ìwé ló ń gbé e. Ó dáa, ọ̀rọ̀ gidi rèé. Yàrá mi gba bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àti èmi náà tí mo bá súnra kì. Fèrèsé mi kọjú sí ògiri ilé kejì. Àwa márùn-ún là ń lo balùwẹ̀ kan, mo sì ti dá bàtà gbogbo wọn mọ̀. Ojú wọn ni mi ò tíì mọ̀, torí ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń kọjá. Ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí, kó lè rọrùn láti sá tí olùkọ́ bá fẹ́ bi mí ní nǹkan. Kò tíì bi mí. Ìyẹn pàápàá ń bà mí lẹ́rù.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń lọ déédéé, kámẹ́rà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Mo ti wọ ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Àgbàlá Àwòrán ni wọ́n ń pè é. Èdè wa ni gbogbo wọn ń sọ, ibi tí kálukú ń gbé ló yàtọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kálukú á gbé bí àwòrán mẹ́rin síta. Òfin ibẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ sọ nǹkan nípa àwòrán ẹni mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó dá sí tìẹ. Màámi, wákàtí méjì ni mo fi kọ "Ó dáa" sábẹ́ àwòrán ẹnì kan. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Olójú Àwòdì wá dá mi lóhùn pé: "'Ó dáa' kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kí ló dáa níbẹ̀?" Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sì lọ dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Àmọ́ mo padà lọ. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa wo etí àwòrán kí n tó tẹ kámẹ́rà, torí etí ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Mo ya bàbá kan, òpó iná hù jáde ní àárín orí rẹ̀ bí ìwo. Ẹni mẹ́jọ ló rí òpó yẹn, èmi tí mo yà á ni mi ò rí i. Mo ti ń kúnlẹ̀ báyìí, mo ti ń ní sùúrù de ìmọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo ń mọ nǹkan kan. Tàbí mo kàn ń tan ara mi jẹ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, tí aṣọ dúdú kan bá ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ máa ta á sẹ́yìn nǹkan tí mo bá fẹ́ yà nínú yàrá.

Èmi ọmọ yín tó ń wo ilẹ̀ rìn.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Onítìjú mi,

Ìwé ẹ dé, inú mi dùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti gbọ́. Orúnkún mi wà níbi tó wà, máṣíìnì mi náà ní kí n kí ẹ.

Kí n tó sọ ohunkóhun: bàtà lórí bẹ́ẹ̀dì! Ta ló kọ́ ẹ? Gbogbo ìwé tí o kọ, o ò sọ ohun tí o ń jẹ. O sọ ti òpó, o sọ ti ìwo, o ò mẹ́nu ba ikùn.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí ò tíì yé mi. Mo rán ọmọ lọ kàwé, ọmọ lọ gba ọ̀gá tuntun tí kò rí sójú rí. Ènìyàn wo ló ń jẹ́ Olójú Àwòdì? Ṣé ìyá tó bí i kò fún un lórúkọ ni? Àwòdì tí mo mọ̀, adìyẹ ló ń gbé. Ṣọ́ra ẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí àwọn àwòrán náà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti ní òun á fi bí mo ṣe lè wọlé síbẹ̀ hàn mí lórí fóònù, kí n máa yọjú wò. Mo kàn fẹ́ yọjú ni o.

Aṣọ dúdú ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń rin ìrìn àjò lọ sí ọ̀dọ̀ yín. Ó ṣẹ́kù lára gáùn lọ́yà kan ni, má fi nu ilẹ̀.

Obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó ní mo rán aṣọ òun kéré. Mo ní aṣọ kì í sanra, ìyá mi. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó ní òun á padà wá kí n tú u. Nǹkan tí ojú ń rí nídìí iṣẹ́ nìyẹn.

Jẹun. Wo ojú ènìyàn. Ó tán.

Ìyá ẹ, tí kò wọ bàtà gun bẹ́ẹ̀dì rí.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ ìrẹsì láàárọ̀, mo tún jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ lè fara balẹ̀ ka ìyókù. Aṣọ lọ́yà dé, ẹ ṣeun gan-an mà.

Màámi, wọ́n ti yan àwòrán mi!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọọdún, Àgbàlá Àwòrán máa ń yan àwòrán méjìlá láàárín gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá. Wọ́n á tẹ ẹ́ ní títóbi, wọ́n á sì gbé e kọ́ sí gbangba níbi tí ẹni tó yà á ń gbé. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbà kí wọ́n gbé tèmi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni. Wọ́n ti kan ìṣó sí i. Mo ti lọ wo ìṣó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin tó ń gbá ilé ìkàwé ló wà nínú àwòrán náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìgbálẹ̀ lé itan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Fèrèsé òkè da ìmọ́lẹ̀ sí i lọ́rùn, gbogbo ìyókù ṣókùnkùn díẹ̀. Àárín ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ni mo dúró sí tí mo fi yà á. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò ṣe ohunkóhun, ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹni pé ó ń dúró dè mí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Olójú Àwòdì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwòrán tó dára ni. Àmọ́ ẹ̀yìn nìyí o. Ẹ̀yìn mẹ́tàlélógún ni mo ti kà lọ́wọ́ ẹ, o ò tíì ya ojú kan. Ṣé obìnrin yìí mọ̀ pé o ya òun?"

Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà, mi ò tíì dáhùn. Mo kọ ìdáhùn mẹ́rin, mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Tí mo bá ní kò mọ̀, ṣé wọ́n á yọ ọ́ kúrò? Tí mo bá lọ bi obìnrin náà ńkọ́, tó sì ní rárá? Màámi, láti kékeré, tí wọ́n bá ń yan ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù, èmi ni wọ́n máa ń yàn gbẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n á kọ́kọ́ nawọ́ sí mi.

Ẹ bá mi rò ó.

Èmi, ẹni tí wọ́n yàn.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní kọ púpọ̀.

Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Aránṣọ Àdúgbò nínú Àgbàlá Àwòrán. Ẹ má sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ta ló tún ń fi "Ó tán" parí ọ̀rọ̀ láyé yìí?

Ẹ ní kí n bá yín ka ohun tí ẹ kọ síwájú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn? "Ìwọ Olójú Àwòdì, ṣé kọ́ọ̀tù nibí ni? Ọmọ yìí fara balẹ̀, kò jalè. Ẹ̀yìn ló yà, kò já nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìwọ náà gbé ẹ̀yìn tìẹ wá ká wò ó. Ó tán." Ẹni ogójì ló fi ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé, "Ìyá ta nìyí?" Olójú Àwòdì dá yín lóhùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbéèrè lásán ni mo bi í." Ẹ̀yin tún kọ ọ́ pé: "Ìbéèrè lásán kì í gba oorun lójú ọmọ."

Inú ìwé ni mo ti sọ fún yín pé mi ò rí oorun sùn. Inú ìwé, Màámi! Ẹ wá gbé e lọ sójú títì. Ní báyìí, gbogbo àgbàlá ti mọ̀ pé mi ò lè dáhùn ìbéèrè kan, pé ìyá mi ló ń bá mi dáhùn.

Ẹ ti dójú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ báyìí mà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé lẹ́ẹ̀kejì, torí n ò gbọ́ ìdáhùn ti àkọ́kọ́.

Mo pè lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ wà nínú ìwẹ̀. Mo pè lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó tún ní ẹ wà nínú ìwẹ̀. Mo ní, "Ìwẹ̀ kan náà?" Ó ní, "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, má fà mí sí i," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ le jù. Mo mọ̀ pé ààbò lẹ fẹ́ ṣe fún mi. Tí ẹ bá fẹ́ kọ "Ó tán" sábẹ́ gbogbo àwòrán ayé, ẹ máa kọ ọ́. Mi ò tíì bi obìnrin yẹn. Ó ku ọjọ́ méjìlá. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ sí ilé ìkàwé, mo ń yẹ ìwé wò bí ẹni tó ń wá nǹkan, mo sì ń padà sílé.

Nǹkan kan tún wà. Kì í jókòó mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti yà á, mi ò tíì rí i kó jókòó.

Ẹ kọ̀wé sí mi, kódà kó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìwẹ̀.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú. Ó ti lọ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìbínú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan míì ni mo ń rò, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ láìjẹ́ pé mo ti rò ó dé ìdí. Mo ti fi ojú ara mi wo gbogbo àwòrán ẹ látòkè délẹ̀. Ó dára, ọmọ mi. Ti obìnrin yẹn dára débi pé mo fi fóònù pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó má bàa já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ mo kà wọ́n. Ẹ̀yìn mẹ́tàlélógún ni lóòótọ́.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ tí mi ò sọ fún ẹnì kankan rí nínú ilé yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ọkùnrin kan wá, ó ní kí n rán aṣọ fún ìyàwó òun, kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Mo ní mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ní rárá, kó má mọ̀. Ojú mi mú nígbà yẹn, mo sì ń yangàn. Mo tẹ̀ lé obìnrin náà lẹ́yìn lọ́jà, mo wo èjìká rẹ̀, mo wo ìbàdí rẹ̀, mo fi ojú wọ̀n ọ́n tán láìfọwọ́ kan tépù. Mo rán aṣọ náà. Ó bá a mu rẹ́gí, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ọjọ́ kejì ló gbé e padà wá. Ó jù ú sórí tábìlì mi. Ó ní, "Ìgbà wo lo wò mí tó báyìí?" Ká ní aṣọ náà kéré, tàbí ó tóbi, ì bá rẹ́rìn-ín. Pé ó bá a mu gan-an ló bí i nínú.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kékeré ni, àgbàlagbà ni, mi ò lè fi tépù kan ènìyàn láìsọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá". Ìwọ náà ti gbọ́ ọ títí ó fi sú ẹ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, Olójú Àwòdì tọ̀nà. Ó dùn mí wọ eegun bí mo ṣe ń kọ ọ́. Má fi ìwé yìí hàn án.

Lọ bá obìnrin yẹn. Kí i dáadáa, wo ojú rẹ̀, sọ fún un. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Ìṣó tí wọ́n kàn kò ní sọkún.

Ìyá ẹ tó ti jáde nínú ìwẹ̀. Ó tán.


Ogúnjọ́, oṣù kejìlá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú orúnkún, ẹ kú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi. Mo ka ìwé yín lórí ìdúró, mi ò lè jókòó.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo lọ. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé pélébé kan, mo sì dúró sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù fún ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin náà ń gbálẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́. Mo fẹ́ gbá ibi tó o dúró sí."

Ìwé pélébé náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbá a mọ́ ìdọ̀tí.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ọ̀sán ni.

Ó ní, "Mo mọ̀ ẹ́. Ìwọ ni amí ọ̀gá."

"Amí kẹ̀, mà?"

"Mo gbọ́ ìró kámẹ́rà ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo gbọ́ 'káṣá' lẹ́yìn mi. Mo ní, ó parí, wọ́n ti rán ènìyàn láti mú mi níbi tí mo ti ń sinmi. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì jókòó nínú ilé yìí. Ó lé ní oṣù kan. Wo ẹsẹ̀ mi."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wú, Màámi. Èmi ló jẹ́ kó wú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́, ọjọ́ Àìkú, Olójú Àwòdì, ìṣó. Ó ní, "Ṣe jẹ́jẹ́. Fi hàn mí." Mo fi hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí.

"Bí ẹ̀yìn mi ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò mọ̀ pé mo ní ọrùn tó dára tó báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi ti ń dùn. Ó wá béèrè pé, "Wọ́n á sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Níbi tí ọ̀gá mi ń gbà wọlé láràárọ̀, á máa rí mi tí mo jókòó, tí mo gbé ìgbálẹ̀ lé itan." Ó dá fóònù padà fún mi. "Rárá, ọmọ mi. Ó rẹwà, àmọ́ rárá ni."

Mo ní, "Ó ti yé mi, mà. Ẹ má bínú." Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tún kọ ọ́ sí Àgbàlá pé: "Mo ti yọ àwòrán mi kúrò. Mo yà á láìbéèrè. Nígbà tí mo béèrè, ó ní rárá." Mo bo ojú mi, mò ń dúró de èébú. Olójú Àwòdì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ó dáa. Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, gbé òmíràn wá." Ó dáa! Òun fúnra rẹ̀! Mo fẹ́ bi í pé kí ló dáa níbẹ̀, àmọ́ mo kó ara mi níjàánu. Aránṣọ Àdúgbò ò kọ ọ̀rọ̀ kankan, ọkàn pupa kan ló fi síbẹ̀. Mo mọ bó ti ṣòro fún un tó.

Àyè mi bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ya agboòrùn mẹ́ta lábẹ́ òjò. Ó dùn mí. Mo wo agboòrùn náà bóyá mo máa rí àléébù, mi ò rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kan ilẹ̀kùn ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya ojú yín?" Ó wò mí, ó ní, "Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná." Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó jáde tòun ti omi lágbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á. Kò jọ ti orí àtẹ̀gùn rárá. Ilẹ̀kùn wọ́, etí kan ò hàn dáadáa, Olójú Àwòdì sì ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí. Àmọ́ ojú ni.

Mo tún gba ilé ìkàwé kọjá lánàá. Obìnrin náà wà lórí àtẹ̀gùn. Ó jókòó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti fèrèsé òkè dára ju ti ọjọ́ yẹn lọ, Màámi, ó dára débi pé ọwọ́ ń yún mi láti yà á. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi. Mo dúró. Kò yíjú padà. Ó ní, "Ìwọ ni?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó sún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ gbá ibi tó sún kúrò, mo sì lọ jókòó.